Ta Ni Yóò Bá Wa Pa Kajú?

Ìbéèrè kan wà tí a kì í fẹ́ bi ara wa nígbà tí a bá ń dárò àwọn ilé-iṣẹ́ tó ti kógbá wọlé nílẹ̀ yìí: ṣé ó tọ́ kí èèyàn máa sunkún iṣẹ́ tí òun fúnra ẹ̀ ò jẹ́ ṣe, tí kò sì ní gbà kí ọmọ ẹ̀ ṣe? Kajú la fẹ́ fi wá ìdáhùn sí i lónìí.

Kí ló dé tó jẹ́ kajú? Torí pé kò sí ẹni tó ń gbé lójú ọ̀nà Badagry tí kò mọ̀ ọ́n. Láti Navy Town dé Ìyànà-Ìbà, láti Ìyànà-Ìbà dé Òkókómáíkò, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, àwọn tó ń ta nǹkan á yọ sáàárín ọkọ̀, ìgò ẹ̀pà lọ́wọ́ kan, ìgò kajú lọ́wọ́ kejì. Àwa èrò inú ọkọ̀ á ná kajú. Bí wọ́n bá ti dárúkọ iye ẹ̀, a ó ní, "Ẹ fún wa lẹ́pà, jàre." Ẹnì kan á wá mí kanlẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, á ní, "Ṣebí àwa náà la ni kajú? Kí ló dé tó fi wọ́n tó báyìí?" Gbogbo ọkọ̀ á mi orí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìjọba.

Ìjọba yẹ fún èébú o, a ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "àwa la ni" yẹn ń fẹ́ àyẹ̀wò. Kí ló túmọ̀ sí kí èèyàn ní nǹkan? Ṣé ẹni tí igi hù nílẹ̀ ẹ̀ ló ni ín ni, àbí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe?

Igi kajú kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ níbí. Bràsíl ni orírun ẹ̀. Àwọn Potogí ló gbé e gun orí òkun wá sí Áfíríkà àti Íńdíà ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn sọ pé Agége níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìn ín ní Nàìjíríà, kó tó di pé àwọn èèyàn ń mú kóró ẹ̀ láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Fún nǹkan bí 400 ọdún, ohun tí a ń fi kajú ṣe ò ju ká mu ún lọ. Bí oṣù kejì bá ti wọlé, tó pọ́n, tó pupa, tí òórùn ẹ̀ gba àdúgbò kan, àwọn ọmọdé á mu ún, omi ẹ̀ á ta sí aṣọ, màmá á pariwo torí pé àbàwọ́n kajú kì í lọ. Kóró tó so mọ́ ìdí ẹ̀ ńkọ́? À ń jù ú sígbó ni. Ìgbà tí ọmọ kan bá ní àyà, ó lè kó díẹ̀ sínú agolo ògbólógbòó, kó yan án lórí iná, kó sì fi ètè tó bó san gbèsè ẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ewéko ń sọ: ohun tí à ń mu yẹn kì í ṣe èso kajú gan-an. Ọrùn èso ló wú, tó kún fómi. Kóró tó so kọ́ sábẹ́ ẹ̀, èyí tí à ń jù nù, òun ni èso. Ìyẹn ni pé fún nǹkan bí 400 ọdún, ọrùn èso là ń mu, a sì ń sọ èso fúnra ẹ̀ nù. A ò fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn baba wa. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n lò. Àmọ́ ó fi nǹkan kan hàn wá: èèyàn lè wà pẹ̀lú nǹkan fún ìran mélòó kan láìtíì ní in.

Ní bí ọdún 1955 sí 1960 ni ojú ìjọba là. Àjọ ìdàgbàsókè ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá oko kajú ńlá sílẹ̀ ní Ìwó, ní Èrúwà àti ní agbègbè Ògùn Òkè. Ti Ìlà-Oòrùn náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní Oghe, ní Udi àti ní Mbala. Ní Udi, ọ̀gbàrá tó ń jẹ ilẹ̀ wà lára ohun tó mú wọn gbin igi náà. Wọ́n fẹ́ kí gbòǹgbò ẹ̀ di ilẹ̀ mú. Nígbà tó di bí ọdún 1971, ilé ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́, nítòsí Ìbàdàn, fi kajú kún iṣẹ́ ẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni igi náà ti gbilẹ̀ ní Òkè-Ògùn, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Kwara àti Kogi. Lónìí, ẹni tó bá dé Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà kajú á rí àpò lórí àpò, tírélà lẹ́yìn tírélà.

Níbo ni àwọn tírélà náà ń lọ? Èkó ni. Àpápá àti Tin Can, tí kò jìnnà sí Mile 2 tí àwa ará Ọ̀jọ́ máa ń gbà kọjá. Inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń kó kóró náà sí pẹ̀lú èèpo lára, ó di Vietnam, ó di Íńdíà. Ilé-iṣẹ́ tó ń pa kajú ti wà nílẹ̀ yìí, díẹ̀ ṣì wà títí di bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n púpọ̀ ti dákẹ́, òmíràn ń ṣí lónìí, ó ń tì lọ́la. Èyí tó pọ̀ jù nínú kajú wa, tútù la fi ń tà á, àwọn ẹlòmíràn ló ń pa á. Nígbà míì, ó máa ń padà wá bá wa nínú agolo tó ń dán, pẹ̀lú orúkọ ìlú tí kò sí igi kajú kan ṣoṣo níbẹ̀.

A mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àdììtú. Kajú ń jáde fún bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin péré lọ́dún. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọdún gbọ́dọ̀ ra gbogbo èyí tí yóò lò láàárín àkókò yẹn, kó tọ́jú ẹ̀ sínú àká, kí owó sì dúró sínú ẹ̀ títí. Ta ló fẹ́ yá owó bẹ́ẹ̀ ní báńkì wa, pẹ̀lú èlé tó ń gun orí èlé? Ẹni tó wá láti òkè òkun, èlé táṣẹ́rẹ́ ni báńkì tiẹ̀ ń gbà. Lẹ́yìn èyí ni iná mànàmáná tí kò sí, dísù tó wọ́n, ojú ọ̀nà tó bàjẹ́. Gbogbo èyí lòótọ́ ni. Bí a bá parí ọ̀rọ̀ síbí, a ti kọ ohun tí gbogbo èèyàn ń kọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹ́ kù tí a kì í fẹ́ sọ: iṣẹ́ náà fúnra ẹ̀ ńkọ́?

Kajú kì í ṣe ẹ̀pà. Ìbátan máńgòrò ni. Èèpo ẹ̀ nípọn, òróró dúdú kan sì wà nínú èèpo náà tó ń bó ọwọ́ bí ásíìdì. Wọ́n ní láti yan kóró náà tàbí kí wọ́n fi ooru sè é kí èèpo tó lè gbọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á máa pa á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí pé odindi ló lówó lórí; bó bá fọ́, iye ẹ̀ já nìyẹn. Wọ́n á tún sá ọmọ inú ẹ̀, wọ́n á bó awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó bò ó, wọ́n á wá ṣà á sí ìsọ̀rí. Èyí tí wọ́n ń pè ní W320 lọ́jà àgbáyé, ohun tó túmọ̀ sí ni pé bí 320 odindi ọmọ kajú ló máa wà nínú ìwọ̀n pọ́n-ùn kan. Ẹnì kan ló pa wọ́n. Kóró tútù tó tó kílò mẹ́rin sí márùn-ún ló ń mú ọmọ kajú kílò kan ṣoṣo jáde. Òróró tó ń bó ọwọ́ yẹn pàápàá kì í ṣòfò: wọ́n ń fi ṣe ọ̀dà, wọ́n ń lò ó nínú bíréèkì ọkọ̀. Bí a bá ń ta kóró tútù, èèpo àti òróró ẹ̀ náà là ń tà lọ.

Irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun sí àwọn obìnrin ilẹ̀ wa. Ẹ rántí ẹ̀kùrọ́. Ní àwọn ọdún 1870 àti 1880, ẹ̀kùrọ́ wà lára ọjà tó pọ̀ jù tí wọ́n ń kó jáde láti Èkó, ìlú Hamburg ní Jámánì sì ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ń lọ. Ta ló pa gbogbo ẹ̀kùrọ́ yẹn? Àwọn ìyá wa àti àwọn ìyá ìyá wa ni, òkúta lórí òkúta, láàárọ̀, lálẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti dáná oúnjẹ tán. Àwọn kan nínú wọn, ẹrú ni wọ́n. Ìtàn máa ń dárúkọ oníṣòwò tó ra ẹ̀kùrọ́ àti ọkọ̀ tó kó o, kì í dárúkọ ọwọ́ tó pa á. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún wa pé ogún ni iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́, kó yáa sọ fún wa irú ogún tó jẹ́: ṣé èyí tí ẹni tó ni ín fi tayọ̀tayọ̀ fún ọmọ ẹ̀ ni, àbí èyí tó ń gbàdúrà pé kó má ṣe kan ọmọ òun?

Àwọn àgbà ní aláàárù tó ń jẹ búrẹ́dì, awọ orí ẹ̀ ló ń jẹ. Ẹni tó ń pa kajú náà, awọ ọwọ́ ẹ̀ ló ń jẹ.

Ṣé bí a ò ṣe pa kajú mọ́ túmọ̀ sí pé ìyà yẹn ti dópin láyé? Rárá o. Ó kó lọ ni. Ní Kollam, ní ìpínlẹ̀ Kerala ní Íńdíà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin ni wọ́n fi pípa kajú tọ́ ọmọ. Nígbà tí owó iṣẹ́ wọn ń gòkè, tí ẹ̀rọ sì dé ní ibòmíràn, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ níbẹ̀ ti ìlẹ̀kùn, ó di Vietnam. Ní ọdún 2011, àjọ Human Rights Watch gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn ibùdó tí ìjọba Vietnam ń kó àwọn tó ń lo oògùn olóró sí. Ó ní wọ́n ń fipá mú àwọn èèyàn náà ṣiṣẹ́, pé kajú pípa wà lára iṣẹ́ ọ̀hún, pé owó tí wọ́n ń fún wọn ò tó nǹkan, pé àwọn míì ò rí owó kankan gbà. A ò sọ pé gbogbo kajú Vietnam ló ti ibẹ̀ wá. Ẹ̀rọ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ níbẹ̀ báyìí. Ohun tí à ń sọ ni pé nígbà tí àwa bá ta kóró tútù, tí ọwọ́ wa mọ́, ọwọ́ ẹlòmíràn lè máa bó. Ọwọ́ tó mọ́ báyìí, kí la fẹ́ fi yangàn nínú ẹ̀?

Ẹnì kan lè dá wa lóhùn pé, "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fòfin de títa kajú tútù nígbà náà. Kí wọ́n pa á nílé." Kì í ṣe àlá. Ọ̀nà tó gba iwájú Navy Town kọjá yìí náà ló ń lọ dé Sẹ̀mẹ̀, àwọn tó wà ní òdìkejì ẹnubodè sì ti ṣe é. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ìjọba Orílẹ̀-èdè Benin ti ní kí kajú tútù má jáde mọ́. Wọ́n kọ́ ọgbà ilé-iṣẹ́ ńlá sí Glo-Djigbé, kí wọ́n lè máa pa á níbẹ̀. A gbóríyìn fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fetí sí àgbẹ̀ tó wà ní Ṣábẹ tàbí Tchaourou. Tẹ́lẹ̀, olùrà mẹ́wàá lè máa du kajú ẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Bí a bá lé àwọn ará òkè òkun lọ, iye àwọn olùrà dín kù, iye kajú náà sì lè já. Àgbẹ̀ yẹn lẹ́tọ̀ọ́ láti bi wá pé, "Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ilé-iṣẹ́, ṣé inú àpò mi lẹ ti fẹ́ yọ owó ẹ̀ ni?"

Mòsáńbíìkì jẹ́ ká rí òdìkejì ọ̀rọ̀ yìí. Ìgbà kan wà tí orílẹ̀-èdè yẹn léwájú nínú kajú láyé. Lẹ́yìn òmìnira wọn ní 1975, ìjọba de títa kóró tútù kí ilé-iṣẹ́ wọn lè rí èyí tí wọ́n máa pa. Ní àárín àwọn ọdún 1990, Báńkì Àgbáyé ní kí wọ́n ṣí ọjà náà sílẹ̀, pé àgbẹ̀ ló máa jàǹfààní. Wọ́n ṣí i. Kí ọdún 2001 tó parí, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wọn ti kógbá wọlé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ti délé, obìnrin sì pọ̀ nínú wọn. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé tó padà lọ ṣírò ẹ̀ rí i pé ohun tó dé ọwọ́ àgbẹ̀ ò tó nǹkan; àwọn tó wà láàárín ló gbé èyí tó pọ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é ní orúkọ àgbẹ̀, tí àgbẹ̀ ò sì rí i jẹ.

Ẹ wá wo bó ṣe rí: bí a bá ti ọjà, àgbẹ̀ lè jìyà, bí a bá ṣí ọjà, obìnrin tó ń pa kajú á délé. Kò sí ọ̀nà kankan nínú méjèèjì tí kò ní ẹni tó máa san owó ẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Ìwà ni. Ẹni tó bá fẹ́ ilé-iṣẹ́ ní láti sọ, láìfi bò, ta ló fẹ́ kó san owó ẹ̀, kó sì wojú onítọ̀hún nígbà tó bá ń sọ ọ́.

Àwa tí à ń gbé lọ́nà yìí mọ ohun tó ń jẹ́ kí orúkọ ṣẹ́ kù nígbà tí iṣẹ́ ti lọ. Bọ́sítọ́ọ̀pù kan wà tí kọ́ńdọ́kítọ̀ máa ń pè ní Volks. Ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ níbẹ̀, òun ló sọ ọkọ̀ ìjàpá di ọkọ̀ tíṣà àti ọkọ̀ nọ́ọ̀sì káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Kó tó di ọdún 2000, ó ti dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ogún ọdún tó ń bọ́ sílẹ̀ ní Volks lónìí ò tiẹ̀ mọ ohun tí orúkọ náà túmọ̀ sí. Nígbà yẹn, láti òkè òkun ni èyí tó pọ̀ nínú irin ọkọ̀ ti ń wá ká lè wá tò ó níbí. Kajú ní tiẹ̀, àwa là ń kó o lọ kí wọ́n lè lọ pa á lọ́hùn-ún. Ohun kan náà ló ṣe méjèèjì: ibi tí nǹkan ti di odindi kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa.

Ṣùgbọ́n ẹ rìn síwájú díẹ̀, kí ẹ yà sí Àlàbá. Kò sí baba ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó fi tẹlifíṣàn jogún fún un. Síbẹ̀, gbé èyí tó ti kú pátápátá lọ fún ọmọkùnrin tó jókòó ti irin ìjó-lẹ́ẹ̀dì ẹ̀, á tú u, á wò ó, á jí i dìde. Ẹnì kan ló kọ́ ọ, òun náà sì ń kọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́. A ò gbin tẹlifíṣàn, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ ẹ̀ ti di tiwa. A gbin kajú, ìmọ̀ ẹ̀ ò sì tíì di tiwa. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá sọ pé àwa la ni nǹkan kan, ọwọ́ ló yẹ ká wò, ká tó wo ilẹ̀.

Kí wá ni ìdáhùn ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀? Èrò tiwa ni pé ẹkún lásán lórí iṣẹ́ tí a ò jẹ́ ṣe kò tọ́. Ó jọ ẹkún ẹni tó ń dárò ẹrú tó sá lọ. Ṣùgbọ́n ẹkún náà lè tọ́ bó bá di àdéhùn: pé bí iṣẹ́ náà bá padà wá, kò ní padà wá bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Pé ìbọ̀wọ́ á wà, ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé á wà, ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ wa ní LASU àti ní àwọn ilé-ìwé gíga yòókù lè rọ á máa ṣe èyí tó ń bó ọwọ́ jù nínú ẹ̀. Pé àgbẹ̀ á mọ iye tó ń gbà kí ìgbà kajú tó dé. Pé àwa tí à ń jẹ ẹ́ náà ò ní máa retí pé kí kajú pọ́ bí ẹ̀pà, torí pé nínú iye tó jẹ́ kó wọ́n yẹn ni owó ọwọ́ ẹnì kan wà.

Èyí tó le jù nínú àdéhùn náà ni nọ́ńbà kan ṣoṣo: èló ni a máa san fún obìnrin tó jókòó ti òkìtì kajú láti àárọ̀ títí dalẹ́, tó bá jẹ́ pé àbúrò wa ni? Ẹ jẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ̀yìn ìgbà náà la ó wá mọ̀ bóyá ilé-iṣẹ́ la fẹ́ lóòótọ́, àbí orúkọ bọ́sítọ́ọ̀pù mìíràn.